Bí kọ́ńpìnì ṣe lè ran àwọn obìnrin tí wọ́n ń lù nílé lọ́wọ́, kó má jẹ́ fọ́tò lásán

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tójú mi rí bẹ̀rẹ̀. Ilé ààbò kan wà l'Ékòó tí mo máa ń lọ ṣèrànwọ́, mi ò ní sọ àdúgbò tó wà torí pé àdírẹ́sì tí wọ́n fi pamọ́ yẹn gan-an ló sọ ọ́ di ilé ààbò. Lọ́jọ́ kan, kọ́ńpìnì ńlá kan gbé àpò ìrẹsì 40 wá, wọ́n gbé bánà wá, wọ́n mú oníkámẹ́rà méjì wá, wọ́n ní káwọn obìnrin náà tò sórí ìlà kí wọ́n lè máa gba ìrẹsì lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ojú ẹ̀ apá òsì ṣì wú, ó fa ìborùn bojú, ẹni tó ń ya fọ́tò wá ń sọ fún un pé, "Àǹtí, ẹ ṣíjú díẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín." Kó tó dalẹ́, fọ́tò ti wà lórí Facebook, géètì ilé náà hàn kedere lẹ́yìn wọn, síáńbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán náà hàn. Lọ́jọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti ń kó obìnrin mẹ́ta pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn lọ síbòmíì. Èyí tó dùn mí jù ni pé lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé ìrẹsì 40 àpò wá yẹn, gáàsì ò sí nínú sílíńdà, gààrí la mu sùn.

Mi ò rò pé àwọn èèyàn yẹn ní ìkà nínú. Wọ́n fẹ́ ṣe dáadáa, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, ẹ̀yin tí wọ́n fi sí kọmítì CSR, ìyẹn àwọn tó ń ṣèrànwọ́ fáráàlú lórúkọ kọ́ńpìnì, àti ìwọ tó o ní bísíńẹ́ẹ̀sì tìẹ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 12 péré tó o sì ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá agbára ẹ. Kò kọjá agbára ẹ o.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ́fíìsì yín

Kẹ́ ẹ tó gbé kọ́bọ̀ jáde fún ẹnikẹ́ni níta, ẹ wo àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ìwádìí NDHS, ìyẹn ìwádìí lórí ìlera àwọn ìdílé, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018 sọ pé nínú obìnrin 100 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, bíi 31 ni wọ́n ti hùwà ipá sí lára rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Tó bá jẹ́ pé obìnrin 60 ló wà níbi iṣẹ́ yín, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ó ń lọ sí bíi 18, ẹ sì jọ ń jẹun ní kántíìnì ni. Ìwádìí yẹn kan náà ló jẹ́ ká mọ̀ pé ju ìdajì àwọn obìnrin tírú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni ò wá ìrànlọ́wọ́ rárá. Ibo ni wọ́n fẹ́ wá a lọ? Tó bá délé bàbá ẹ̀ wọ́n á ní kó fara dà á nítorí ọmọ, tó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wọ́n á ní kó tẹra mọ́ àdúrà, tó bá wá kẹ́rù jáde tán, àdúgbò á máa pè é ní dalémosú bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀.

Ní Brazil, kọ́ńpìnì kan wà tó ń jẹ́ Magazine Luiza, wọ́n ń ta fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àtàwọn nǹkan ilé, ṣọ́ọ̀bù wọn pọ̀ káàkiri. Ní 2017, ọkọ ọ̀kan nínú àwọn máníjà ṣọ́ọ̀bù wọn pa á. Obìnrin ni olórí kọ́ńpìnì yẹn, Luiza Trajano, lọ́dún yẹn náà ni wọ́n dá ìlà kan sílẹ̀ fáwọn òṣìṣẹ́, wọ́n pè é ní Canal da Mulher, kí obìnrin tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí lè pe, kí ẹni tó bá fura pé nǹkan ń ṣe ẹnìkejì òun náà lè pe. Ẹ̀mí ti lọ kí wọ́n tó ṣe é. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ̀mí bá lọ lọ́dọ̀ yín.

Ẹ kọ ìlànà kan sílẹ̀, ojú ìwé méjì ti tó. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn C190 ti ILO, ìyẹn àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, láti 2022, àdéhùn yẹn sì sọ pé ìwà ipá inú ilé máa ń bá èèyàn dé ibi iṣẹ́, pé ó yẹ kí wọ́n ṣe ohun tágbára bá ká láti dín wàhálà ẹ̀ kù níbẹ̀. Nítorí náà tí ọ̀gá bá ní "ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kò kàn wá", ẹ lè fi ìyẹn dá a lóhùn. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wà nínú ìlànà náà ni ìsinmi tí wọn ò ní yọ owó ẹ̀. Vodafone kéde ọjọ́ 10 fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ní 2019, orílẹ̀-èdè Philippines ti fi ọjọ́ 10 sínú òfin láti 2004, torí náà kì í ṣe nǹkan àjèjì. Ọjọ́ yẹn ni obìnrin náà á fi lọ sí họ́síbítù, á fi lọ sí kóòtù, á fi wá ilé. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kọ́ńpìnì kékeré tí ọjọ́ 10 wúwo fún, ẹ fi 5 bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó má jẹ́ pé ojú àánú ọ̀gá ni òṣìṣẹ́ á máa wò.

Ẹ wá jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí owó oṣù, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn kọ́ńpìnì máa ń ṣe obìnrin léṣe láìmọ̀. Mo tẹ̀lé obìnrin kan rìn lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, iṣẹ́ gidi ló ń ṣe, owó gidi ni wọ́n ń san fún un. Ṣùgbọ́n SIM tí báńkì ẹ̀ mọ̀ wà nínú fóònù ọkọ ẹ̀, alẹ́ẹ̀tì á ti dún lọ́dọ̀ ọkọ kóun tó mọ̀ pé wọ́n ti sanwó, káàdì ATM wà lọ́wọ́ ọkọ, ọkọ á wá máa ka owó ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ láràárọ̀ bí ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tó fẹ́ pààrọ̀ akáùntì, HR ní kó kọ lẹ́tà, kó sọ ìdí ẹ̀, kí súpáfáísọ̀ ẹ̀ fọwọ́ sí i, kí akáùntáǹtì náà fọwọ́ sí i. Súpáfáísọ̀ yẹn àti ọkọ ẹ̀ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Ó yí fọ́ọ̀mù náà sínú báàgì ẹ̀, ó gbé e kiri fún oṣù méjì.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ní HR ló máa pààrọ̀ akáùntì, kó parí lọ́jọ́ náà, kẹ́nikẹ́ni má béèrè ìdí. Ẹ ràn án lọ́wọ́ kó gba SIM tuntun kó tó ṣí akáùntì tuntun, torí tó bá fi nọ́ńbà àtijọ́ ṣí i, òfo ni. Páyṣíìlì, ẹ má fi ránṣẹ́ sí e-mail tí ọkọ mọ pásíwọọ̀dù ẹ̀. Ẹ sì bi í bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ pín owó náà sọ́nà méjì, kí díẹ̀ ṣì máa wọ akáùntì àtijọ́ fúngbà díẹ̀, nítorí tí owó ò bá wọlé mọ́ lójijì, ọkùnrin yẹn á mọ̀ pé ó ń múra àtilọ, ìgbà tí obìnrin bá sì ń múra àtilọ ni ewu máa ń pọ̀ jù. Òun ló mọ ọkọ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó pinnu fúnra ẹ̀.

Ẹ̀yáwó náà ńkọ́? Ẹ ya owó kan sọ́tọ̀ tí wọ́n lè yá láìsí èlé, tí wọ́n á sì máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Ẹ tún bá màígádì àti ẹni tó ń gba fóònù sọ̀rọ̀: tí ọkùnrin kan bá wá béèrè òṣìṣẹ́ obìnrin kan, má sọ pé ó wà, má sọ pé kò sí, má sọ ìgbà tó máa ń lọ sílé. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀ka méjì, kí obìnrin náà lè lọ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kejì.

Ẹni tí òṣìṣẹ́ máa lọ bá, ẹ yan méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí wọ́n gba ìdálẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu wọn ni "mo gbà ẹ́ gbọ́", ìkejì ni "kí lo fẹ́ ká ṣe?" Kò gbọ́dọ̀ sí "kí lo ṣe fún un?" rárá. Àwa Yorùbá ní ìwà kan tó dáa níbòmíì ṣùgbọ́n tí kò dáa níbí: ọ̀gá á fẹ́ ṣe bàbá, á ní òun á pe ọkọ ẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ṣe sùúrù", ó rò pé òun ń parí ìjà. Ọkọ á gbóhùn tútù fún ọ̀gá lórí fóònù, tó bá di alẹ́, "o lọ tú àṣírí mi níbi iṣẹ́ ẹ" ni, ó parí. Ẹ má pe ọkọ. Ẹ má pe àwọn òbí láìjẹ́ pé òun ló ní kẹ́ ẹ pè wọ́n.

Tó bá wá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ yín ló ń lu ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ló máa ń ṣòro jù fún kọ́ńpìnì, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni tó mọṣẹ́ gan-an. Kò gbọ́dọ̀ fi mọ́tò yín, fóònù yín tàbí àkókò iṣẹ́ yín ṣọ́ obìnrin kiri. Ẹ sọ èyí sínú ìlànà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó lé e dànù tìbínú-tìbínú, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀, torí owó oṣù yẹn lè jẹ́ òun làwọn ọmọ ń jẹ, ìbínú ẹ̀ sì lè wálẹ̀ sórí ìyàwó lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá àwọn tó ti ń ṣe é tipẹ́

Mo bẹ̀ yín, ẹ má dá NGO tuntun sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí kọ́ńpìnì bá fẹ́ ṣe nǹkan, wọ́n á fẹ́ lórúkọ tiwọn, lógò tiwọn, ìfilọ́lẹ̀ tiwọn, nígbà tí àwọn tó ti ń gbé obìnrin lóru lọ sí họ́síbítù fún ọdún 20 ò rówó ra dísẹ́ẹ̀lì.

L'Ékòó, Project Alert ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti 1999, àwọn ni wọ́n ṣí ilé ààbò tó ń jẹ́ Sophia's Place ní 2001. Mirabel Centre tí Itoro Eze-Anaba dá sílẹ̀ wà nínú ọgbà LASUTH, họ́síbítù ìjọba ìpínlẹ̀ n'Íkejà, láti 2013, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò, láìgba owó lọ́wọ́ wọn. WARIF tí Dókítà Kemi DaSilva-Ibru dá sílẹ̀ ní 2016, tí wọ́n náà ń ran àwọn tí wọ́n fipá bá lò lọ́wọ́, wà ní Yábàá. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni DSVA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilò, ìgbìmọ̀ kan ló jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ ní 2014 kí wọ́n tó fòfin sọ ọ́ di àjọ ní 2021, nọ́ńbà wọn tí wọn kì í gba owó kírẹ́díìtì ni 08000 333 333. Ẹ lẹ nọ́ńbà yẹn mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin lọ́fíìsì yín lónìí. Kì í ṣe ara ògiri risẹ́pṣọ́nì o, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní rí i pé ó ń kà á tàbí pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́, Adó, ẹ béèrè ní mínísírì ọ̀rọ̀ obìnrin ní ìpínlẹ̀ yín àti lọ́wọ́ FIDA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, wọ́n mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ mọ òfin díẹ̀ náà. Èkó ní òfin tó dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé láti 2007, Èkìtì ṣe tiwọn ní 2011, VAPP, òfin ìjọba àpapọ̀ tó lòdì sí ìwà ipá síni, wáyé ní 2015, àwọn ìpínlẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ di tiwọn. Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni pé kóòtù lè fún obìnrin ní àṣẹ ààbò, àṣẹ yẹn sì lè sọ pé kí ọkùnrin náà má dé ibi iṣẹ́ obìnrin yìí. Tí òṣìṣẹ́ yín bá ti gbà á, ẹ ní kó fún yín ní kọ́pì kan, kó wà lọ́wọ́ ọ̀gá sẹ́kúrítì, kó má lọ jókòó sínú fáìlì HR tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣí.

Kẹ́ ẹ tó fẹnu kò pẹ̀lú ẹgbẹ́ kankan, ẹ wo ìwé CAC wọn tó fi hàn pé wọ́n forúkọ sílẹ̀, ẹ wo ìwé SCUML wọn, ìyẹn ti àjọ tó ń ṣọ́ owó tí wọ́n ń gbà lọ́nà àìtọ́, ẹ rí i pé orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lórí akáùntì, kì í ṣe orúkọ èèyàn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìṣirò owó ọdún tó kọjá hàn yín. Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí wọ́n mú yín lọ wo ilé ààbò, ẹ má ní ẹ fẹ́ rí àwọn obìnrin náà. Ẹgbẹ́ tó bá tètè gbà láti mú yín lọ síbẹ̀ gan-an lẹ máa fura sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ béèrè ohun tí wọ́n nílò, ẹ sì gba ohun tí wọ́n bá sọ

Ìrẹsì, aṣọ àlòkù, Bíbélì, ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ. Ohun tí wọ́n máa ń kó wá nìyẹn. Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbé ìrẹsì wá, ebi ń pa èèyàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń ná owó lé lórí: gáàsì, dísẹ́ẹ̀lì, omi, pádì, pámpásì, oògùn ibà ọmọdé lọ́gànjọ́ òru, owó oṣù obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ wọn tó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, owó ọkọ̀ lọ sí kóòtù. Kóòtù nìkan, ẹ wò ó: wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú, wọ́n á tún sún un, adájọ́ ò jókòó, lọ́yà tọ̀hún ò wá, obìnrin á lọ nígbà mẹ́fà kí wọ́n tó gbọ́ ẹnu ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ò bá sì rówó ọkọ̀ lọ lẹ́ẹ̀keje, ẹjọ́ á kú síbẹ̀. Èèyàn á wá máa sọ pé "àwọn obìnrin yìí náà kì í fẹ́ ṣẹjọ́."

Ilé gbígbà ló wá wúwo jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ Èkó. Tó bá rí yàrá kan, láńlọ́ọ̀dù á fẹ́ owó ọdún kan pé lẹ́ẹ̀kan, nígbà míì ọdún méjì, éjẹ́ǹtì á gba tiẹ̀, lọ́yà á gba tiẹ̀, wọ́n á tún ní owó ìbàjẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á bi í pé ọkọ ẹ̀ dà. Láńlọ́ọ̀dù wà tí kì í fún obìnrin tó dá wà nílé. Obìnrin tó ti fọkàn sí i pé òun ò ní padà, tí ọjọ́ tó yẹ kó lò nílé ààbò ti pé, tí ò ríbi kó ọmọ mẹ́ta sí, ibo lẹ rò pé ó máa lọ? Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń lù wọ́n, kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé wọn padà, owó ilé ni.

Nítorí náà, tí kọ́ńpìnì yín bá fẹ́ ṣe nǹkan kan ṣoṣo tó máa ta yọ, ẹ dá àpò owó ilé sílẹ̀. Kó máa san owó ọdún kan fún obìnrin tí ẹgbẹ́ náà bá fọwọ́ sọ̀yà fún, kí owó lọ tààrà sọ́dọ̀ láńlọ́ọ̀dù, kí orúkọ kọ́ńpìnì yín má sì hàn nínú ìwé ilé náà. Bí ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ yín bá ní ilé tó fi ń rẹ́ǹtì, ẹ bá a sọ̀rọ̀ kó fi yàrá kan tàbí méjì sílẹ̀ fún iye tó dín díẹ̀, kó má béèrè ọkọ.

Ilé-ìwé àwọn ọmọ náà, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Tí ilé-ìwé tuntun bá ní kí wọ́n lọ gba lẹ́tà wá láti ilé-ìwé àtijọ́, ilé-ìwé àtijọ́ lè sọ fún bàbá ibi táwọn ọmọ wà. Ẹ béèrè bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń ṣe é, ẹ san owó ẹ̀ lọ́nà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbà san án.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: owó náà, ẹ fún wọn lọ́nà tí wọ́n á fi lè sùn dáadáa

Owó UK, látinú ètò kan tó ń jẹ́ J4A, ni Mirabel Centre fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ètò yẹn parí, wọ́n ní láti máa wá owó kiri kí ilẹ̀kùn má bàa tì. Ẹ ronú ẹ̀ wò, ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n fipá bá lò wọlé, kí wọ́n tún máa ronú pé bóyá oṣù tó ń bọ̀ kò ní sí owó láti san fún nọ́ọ̀sì. Ohun tí owó ẹlẹ́ẹ̀kan-ṣoṣo máa ń fà nìyẹn.

Ká ní mílíọ̀nù 3 náírà lẹ ní lọ́wọ́. Àwọn kan á ná 2 lé orí họ́tẹ́ẹ̀lì, bánà, polo, MC àti small chops fún ọjọ́ 25 November tí gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ ìwà ipá sí obìnrin, wọ́n á fún ilé ààbò ní 1 tó kù pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì ńlá oníkáàdìbọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin, ẹ pín mílíọ̀nù 3 yẹn sí 12. Ó jẹ́ 250,000 lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ kó máa wọlé ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù bí owó oṣù, ẹ kọ ọ́ sí ìwé pé ọdún 2 tàbí 3 lẹ máa ṣe é, ẹ má sì sọ pé "orí kọ̀ǹpútà nìkan ni kẹ́ ẹ ná an lé." Ẹ jẹ́ kí wọ́n ná an lé ohun tó bá yọjú. Tó bá ku oṣù mẹ́fà kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró, ẹ sọ fún wọn.

Ìròyìn tẹ́ ẹ máa gbà lọ́wọ́ wọn, kó jẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ojú ìwé kan: obìnrin mélòó ló wọlé, ọmọ mélòó, mélòó ló ríbi gbé, mélòó ni ẹjọ́ wọn ṣì ń lọ, kí lowó ṣe. Kò sí orúkọ, kò sí àdúgbò, kò sí fọ́tò. Mo mọ ọ̀gá kan tó kọ̀wé sí ilé ààbò pé kí wọ́n fi "ìtàn tó ń wọni lọ́kàn" ránṣẹ́ kóun lè fi han bọ́ọ̀dù. Wọn ò jẹ ẹ́ ní ìtàn kankan o.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tẹ́ ẹ ń tà tàbí tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́ ṣe lè ju owó lọ

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ báńkì, ẹ wá ọ̀nà tí obìnrin tí ò ní bílì NEPA lórúkọ ara ẹ̀, tí káàdì ẹ̀ gbogbo wà nílé ọkọ, fi lè ṣí akáùntì. Ilé lọ́yà, ẹ gba ẹjọ́ mẹ́ta lọ́dún láìgba owó, kẹ́ ẹ sì gbà á débi tó máa parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ́ńpìnì ọkọ̀, ẹ fún wọn ní dẹ́rẹ́bà kan tó lè wá lóru, tí kì í sọ̀rọ̀ jù. Họ́tẹ́ẹ̀lì lè fi yàrá kan sílẹ̀ fún alẹ́ méjì nígbà tí ilé ààbò bá kún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta fóònù, ní Amẹ́ríkà, Verizon fi ọ̀pọ̀ ọdún gba fóònù àlòkù lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n ń sọ ọ́ di ìrànlọ́wọ́ fáwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, HopeLine lorúkọ ẹ̀. Fóònù pẹlẹbẹ kékeré tí ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, tí ọkọ ò lè fi mọ ibi tó wà, pẹ̀lú SIM tuntun, ohun ńlá ni lọ́wọ́ ẹni tó sá jáde pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀.

Kẹ́mísìtì àti súpámákẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́ èyí. Ní UK, ní January 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí obìnrin á fi wọ kẹ́mísìtì bíi Boots kó sọ pé òun fẹ́ rí ANI, ọ̀rọ̀ àṣírí kan ni, ẹni tó wà ní káńtà á mọ̀ pé ìrànlọ́wọ́ ló ń wá, á mú un lọ sí yàrá kan, á bá a pe ẹni tó yẹ. Irú ẹ̀ ò le jù fún wa, yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, òṣìṣẹ́ méjì tí DSVA tàbí ẹgbẹ́ kan ti kọ́, fóònù kan. Ìgbà tí obìnrin bá lọ ra oògùn ọmọ lè jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo tó máa jáde láìsí pé ọkọ dúró tì í.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kámẹ́rà

Ẹ má gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá nílò fọ́tò, ẹ ya ọ̀gá yín àti olórí ẹgbẹ́ náà ní ọ́fíìsì yín tí wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Fífi dúdú bo ojú obìnrin kì í pa á mọ́, ọkọ ẹ̀ mọ ìdúró ẹ̀, ó mọ ìró tó rà fún un ní Kérésìmesì, ó mọ irun ọmọ ẹ̀. Òfin ìdáàbòbò détà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ẹ ò lè kàn máa gbé ọ̀rọ̀ àìsàn àti ẹjọ́ èèyàn kiri. Ẹ má sì fún wọn ní T-shirt, báàgì tàbí agbádá ọmọdé tí lógò yín wà lára ẹ̀, torí tí ọmọ bá wọ̀ ọ́ jáde, gbogbo ẹni tó rí ìròyìn ẹ̀bùn yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti mọ ibi tọ́mọ ti ń bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ síta láàárín 25 November sí 10 December, ìyẹn ọjọ́ 16 tí gbogbo ayé fi ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sọ ohun tó wà nínú ìlànà yín: ọjọ́ mélòó lẹ fi sílẹ̀, nọ́ńbà tí èèyàn lè pè. Ìyẹn máa wúlò fún ẹni tó bá kà á.

Ìgbésẹ̀ keje: àwọn ọkùnrin ilé iṣẹ́ yín

Ẹ pè wọ́n jọ láwọn nìkan, kí ọkùnrin tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún bá wọn sọ̀rọ̀, kó jẹ́ wákàtí kan, kó má jẹ́ ìwàásù. Ẹ sọ ohun tí òfin sọ, ẹ sọ ohun tí kọ́ńpìnì máa ṣe. Ẹ wá béèrè pé, tí aládùúgbò bá ń lu ìyàwó ẹ̀ lóru, kí lẹ máa ń ṣe? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń ti bẹ̀rẹ̀, torí kò sẹ́ni tí ò tíì gbọ́ irú igbe yẹn rí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: lẹ́yìn ọdún kan

Ẹ jókòó, ẹ wo ìlànà yín. Tí obìnrin kankan ò bá lò ó láti ọdún kan, ẹ má yọ̀ pé kò sí ìṣòro lọ́dọ̀ yín. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ̀ pé ó wà, tàbí kí wọ́n má fọkàn tán ẹni tẹ́ ẹ yàn. Ẹ pààrọ̀ ẹni náà, ẹ tún sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn, ẹ fi sínú ìwé tẹ́ ẹ ń fún òṣìṣẹ́ tuntun.

Obìnrin tó gbé fọ́ọ̀mù kiri fún oṣù méjì yẹn ti wà ní ilé tiẹ̀ báyìí. Ẹnì kan ní ẹ̀ka akáùntì níbi iṣẹ́ ẹ̀ ló pè é sápá kan, ó ní "mú fọ́ọ̀mù yẹn wá, èmi á ṣe é, mi ò fẹ́ mọ nǹkan kan", ó sì parí ẹ̀ ní ìṣẹ́jú 20.

Ohun tó kù ni kẹ́ ẹ yan ẹnì kan, ẹnì kan ṣoṣo, tó máa pe ilé ààbò náà ní ọjọ́ 25 gbogbo oṣù. Kó bi wọ́n bóyá gáàsì ṣì wà.